Àwọn Abo Àgbọ̀nrín Orval Niska

Bí o bá fẹ́ mọ bí ará ìlú Kantola ṣe fẹ́ràn Orval Niska tó, bá a wọ ilé kọfí ní àárọ̀ ọjọ́ tí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín bá ṣí. Kò ní tíì jókòó dáadáa tí kọfí yóò fi dé iwájú rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì aládùn tí wọ́n fi bọ́tà pa lójú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ ọdẹ aláwọ̀ ọsàn yóò máa kígbe láti ìdí tábìlì wọn pé, "Baba àwọn abo! Ẹ káàárọ̀ o!" Orval yóò mi orí, yóò rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n, yóò ṣe bí ẹni tí kò bìkítà. Irọ́ ni o. Ó fẹ́ràn ìyìn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà, Senja ìyàwó rẹ̀ kì í sì í yé sọ ọ́ sí i lójú.

Ohun tó fi gba orúkọ náà kò ṣòro láti sọ. Ní ọdún kan báyìí, òtútù mú kọjá ààlà, yìnyín bo gbogbo igbó, àgbọ̀nrín sì kú lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí àsìkò ọdẹ dé, ẹni tó bá fi odindi ọ̀sẹ̀ jókòó sórí àga ọdẹ rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni yóò rí. Ní ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọdẹ agbègbè náà kóra jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, láti nawọ́ sókè lórí bí àsìkò ọdẹ tó ń bọ̀ yóò ṣe rí: ìgbà wo ni yóò ṣí, ìgbà wo ni yóò tì, ṣé akọ nìkan ni wọn yóò pa àbí wọn yóò pa abo mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ni ìjọba máa ń fi òǹtẹ̀ lù. Orval ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ gẹdú nígbà náà, kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó dìde. Ó ní kí wọ́n ti àsìkò abo pa pátápátá. "Ẹni tó bá yìnbọn pa abo kan, mẹ́ta ló pa," ni ó wí, "torí ìbejì ló wà níkùn ẹ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbọ̀ngàn náà hó yèè.

Láti ìgbà náà ni abo ti di èèwọ̀ ní Kantola. Òfin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ju òfin lọ. Òpó gígùn kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Lyle Paquette, ọ̀rẹ́ Orval, tó ń ta oúnjẹ ẹran àti irinṣẹ́ oko. Orí òpó náà ni wọ́n máa ń so akọ tí wọ́n bá pa rọ̀ sí, kí gbogbo ayé lè wò ó, kí wọ́n sì jiyàn lórí ìwo rẹ̀. Lọ́dún kan, àlejò kan láti ìlú ńlá gbé abo tó pa ní agbègbè mìíràn wá síbẹ̀, ó ń béèrè okùn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n kàn ń wò ó títí tó fi gbé ẹran rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, tó da aṣọ bò ó, tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìtàn náà ṣì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín di òní.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Corrine Dufek ni orúkọ rẹ̀, òun ni ìjọba fi ṣọ́ ẹran igbó agbègbè náà. Lọ́dọọdún ló ń dìde ní ìpàdé láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí àsìkò abo, ìbáà ṣe fún ọjọ́ díẹ̀ péré, torí àgbọ̀nrín ti ń pọ̀ ju oúnjẹ inú igbó lọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, ó gbé àwòrán àbàtà kédárì tó wà lẹ́yìn ilé Orval gan-an dání wá. Inú àbàtà yìí ni àgbọ̀nrín gbogbo agbègbè máa ń sá wọ̀ nígbà òtútù, torí kédárì ń gba atẹ́gùn dúró fún wọn, ewé rẹ̀ sì ni oúnjẹ wọn. Nínú àwòrán náà, kò sí ewé kankan lára igi kédárì láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ẹnu àgbọ̀nrín lè dé bó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Òkè téńté nìkan ló kù tó ní ewé.

"Ẹ wò ó dáadáa," Corrine wí. "Oúnjẹ wọn ti tán. Òtútù ọdún méjì yìí rọ̀ wá lọ́rùn ni ẹ ò ṣe tíì rí nǹkan. Bí ọ̀kan tó le bá dé, a ó jọ rí i."

Lyle Paquette, tó jẹ́ alága ìpàdé, yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Orval, ẹ̀yìnkùlé ẹ nìyí. Kí lo rí sí i?"

Orval mọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ. Ó ti ń rí i láti ọdún mélòó kan. Ó ti rí i pé àwọn ọmọ àgbọ̀nrín ń kéré sí i, pé egungun ìhà àwọn abo ń yọ kí òtútù tó parí. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu wọn nílẹ̀, wọ́n ń dúró dè é.

"Kí ni kí n rí?" ni ó wí. "Àgbọ̀nrín ń bá mi gẹ irun kédárì ni. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sì ni."

Ẹ̀rín bú gbàù. Ọwọ́ lọ sókè. Abo tún di èèwọ̀ fún ọdún mìíràn. Corrine ká àwòrán rẹ̀, ó sì jáde lọ bá ọkọ̀ rẹ̀.

Òtútù tí ó ń wí dé lóòótọ́. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn ọdẹ tó kúrò nígbó, kò sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn Kérésì, òjò rọ̀ lé yìnyín náà lórí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òtútù sì mú kí gbogbo rẹ̀ dì pọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ojú yìnyín wá le bí àwo tánganran. Ó le tó láti gé àgbọ̀nrín lẹ́sẹ̀, kò sì le tó láti gbé e ró. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á rì dé ikùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe há sínú àbàtà, tí wọ́n ń tọ ojú ọ̀nà tóóró tí pátákò tiwọn ti là, láti ìdí kédárì tí kò léwé lọ sí ìdí kédárì mìíràn tí kò léwé.

Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni Senja ti ń rí wọn.

"Orval, wá wo ọ̀kan níbí. Igi ápù mi ló ń jẹ."

"Jẹ́ kó jẹ ẹ̀ka díẹ̀. Ọdún yìí le."

"Ẹ̀ka kẹ̀? Ẹ̀ka ti tán. Èèpo ara ẹ̀ ló ń bó." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ìgbálẹ̀ tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà náà, wọ́n ti jẹ ẹ́. Ọ̀pá ẹ̀ ló kù."

Orval rẹ́rìn-ín. Senja kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní ìgbálẹ̀, ọkùnrin yìí. Ẹran wo ni ebi ń pa títí tó fi ń jẹ ìgbálẹ̀?"

Orval wọ bàtà ìrìn-yìnyín rẹ̀ tó fẹ̀ bí atẹ, ó gba inú àbàtà lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni pé àwọn àgbọ̀nrín náà kò sá. Láti kékeré rẹ̀ ló ti ń rìn nínú igbó yìí, kò tíì sí ọjọ́ tí àgbọ̀nrín rí i tí kò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn wọ̀nyí kàn ń wò ó. Abo kan na ara sókè lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó na ọrùn títí, kò ká ewé kankan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò yára dìde. Lábẹ́ àwọn igi tó dí, ó rí àwọn ọmọ àgbọ̀nrín tó ká jọ bí ẹni tó sùn, yìnyín ti bò wọ́n dé etí. Ó fi àáké la egungun itan ọ̀kan. Mùdùnmúdùn ẹran tó jẹun kánú funfun ni, ó sì máa ń ki bí òrí. Ti èyí pọ́n, ó ṣàn dà sí ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó sórí kùkùté kan, ìbànújẹ́ sì gbé e mì. Kò mọ ẹni tí òun ì bá dá lẹ́bi bí kò ṣe ara rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n máa bímọ, kò sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò jẹ.

Ní ọjọ́ kejì ó wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Corrine. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Niska. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ó mu kọfí?"

"Mi ò mu kọfí. Corrine, bá mi ṣí i."

"Kí ni kí n ṣí?"

"Àsìkò abo. Ṣí i lọ́la. Ṣí i lónìí pàápàá. Èmi fúnra mi á pe àwọn èèyàn. Bí a bá pa ìdajì, ìdajì tó kù á rí nǹkan fi sẹ́nu."

Orval ti múra sílẹ̀ fún èébú. Láti ilé ló ti ń ro bí òun yóò ṣe gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kàn fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀ ni, bí ẹni tí kò sùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Niska, èmi kọ́ ni mò ń ṣí i. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣí i. Ìpàdé ìgbà ìrúwé ló ń dá a, ìjọba á fọwọ́ sí i nígbà ooru, ìbọn á sì dún lẹ́yìn tí ewé bá wọ́ tán. Kò sí òfin tó ní kí n ṣí àsìkò ọdẹ nínú yìnyín."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ̀wé sí ìjọba."

"Mo ti kọ ọ́. Wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lè ṣe é." Ó mí kanlẹ̀. "Ká tiẹ̀ ní ó ṣeé ṣe. Ta ló fẹ́ yìnbọn sí wọn? Kò sí ẹran lára wọn mọ́. Awọ àti egungun ni, pẹ̀lú oyún níkùn. Ìbejì, bí ẹ ṣe máa ń wí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Orval jù. Ká ní ó bínú ni, òun náà ì bá bínú padà, ara ì bá sì fúyẹ́.

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ gé kédárì lulẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè rí ewé òkè jẹ. Kò ní tó wọn. Ṣùgbọ́n òun ni ikùn wọn mọ̀."

"Àgbàdo ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, èèpo àti ewé igi ni ikùn wọn ń lọ̀. Bí àgbàdo bá já lù ú lójijì, á kan nínú wọn, á sì pa wọ́n. Ikùn wọn á kún bámúbámú, wọ́n á sì kú."

Orval padà sílé, ó gbé ẹ̀rọ agégi rẹ̀ tó ti pa tì sínú gáréèjì, ó da epo sí i. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló ń gé kédárì. Kò pẹ́ tí àwọn àgbọ̀nrín fi mọ ìró ẹ̀rọ náà. Bó bá ti dún ni wọ́n máa ń wọ́ bọ̀, tí wọ́n á yí i ká, tí wọ́n á sún mọ́ ọn débi pé òun ni yóò tún máa lé wọn sẹ́yìn kí igi má baà wó lù wọ́n. Kó tó gé èkejì, èkíní ti di ìhòòhò. Àwọn abo ńláńlá ló ń jẹ ẹ́. Bí ọmọ bá fi orí wọ àárín, wọ́n á fi pátákò gbá a sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí fúnra wọn. Orval á ṣẹ́ ẹ̀ka, á gbé e lọ bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n dúró sí. Àwọn abo ńlá á tẹ̀ lé e, wọ́n á gbà á. Ó bú wọn. Ó bẹ̀ wọ́n. Nígbà mìíràn ó kàn máa ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, tí á máa sunkún, tí omi ojú á sì máa dì sí i nírùngbọ̀n.

"Lọ́jọ́ tí igi bá wó lù ọ́ níbẹ̀," Senja wí bó ti ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí ìka ọkùnrin náà ti kú tipiri, "ta ni kí n pè? Àgbọ̀nrín?"

"Pe Lyle."

"Ó dáa. Ṣé kí n dúró dìgbà tí igi bá wó kí n tó pe Lyle ni? Ẹni àádọ́rin ọdún ni ẹ́, Orval. Gbogbo ìlú ló ń pè ọ́ ní baba. Lọ sọ fún àwọn ọmọ ẹ kí wọ́n wá ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Orval sì lọ. Ó dúró láàárín ilé kọfí, ó ní, "Wọ́n ń kú." Ó sọ ti abo tó ṣubú, ó sọ ti àwọn ọmọ tí yìnyín bò. Ó ní ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ agégi gbé e wá, kí ẹni tí kò bá ní gbé àáké. Ọ̀rọ̀ àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ta ló wí bẹ́ẹ̀, á sì ní láti dárúkọ Corrine. Bó bá sì dárúkọ Corrine, ọ̀rọ̀ á dé orí ohun tí Corrine ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ wá, tí òun sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojú tì í. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lyle dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó dì mọ́ ọn. "Ọ̀rẹ́ mi, àwọn abo ẹ ò ní kú. Fi í lé wa lọ́wọ́."

Nígbà tí Sátidé pé, Orval ti wà nínú àbàtà lọ́hùn-ún kí oòrùn tó yọ dáadáa, ó fi nǹkan dí etí nítorí ariwo ẹ̀rọ. Ó wó igi kan, àgbọ̀nrín kan kò wá. Ó wó èkejì. Ewé tútù sùn sórí yìnyín, kò sẹ́ni tó fẹnu kàn án. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá wọ́n ti rí oúnjẹ níbòmíràn, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ ohun tó wà létí rẹ̀. Nígbà náà ló gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn láti apá títì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn ọmọdé ń ké hè-hè.

Ó sáré. Ẹni tó bá ti wọ bàtà ìrìn-yìnyín rí mọ̀ pé a kì í fi í sáré. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú.

Ọkọ̀ ti tò lọ bẹẹrẹ létí títì. Lyle ti tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí wọn, kò ku àpò kan sílé. Wọ́n ti da àgbàdo pípọ́n sórí yìnyín, ó gùn lọ títí ó fi wọ inú àbàtà, àwọn àgbọ̀nrín sì tò sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èjìká kan èjìká, orí gbogbo wọn wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin ń nu ojú. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò.

"Orval! Ibo lo wà látàárọ̀?" Lyle kígbe. "Wá wò ó! Wò ó bí wọ́n ṣe ń jẹ!"

"Ẹ kó o! Ẹ kó o kúrò ńlẹ̀!"

Wọn kò gbọ́ ohun tó ń wí, àbí wọ́n gbọ́ tí kò yé wọn. Orval bọ́ sáàárín àwọn ẹran náà, ó ń ju apá, ó ń fi fìlà nà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n yà fún un ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì, wọ́n sì padà. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó àgbàdo sínú àpò. Abo kan ti ẹnu bọ àárín ọwọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń wò ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló ń pa á bí ọtí.

"Lyle, á pa wọ́n! Àgbàdo á pa wọ́n!"

"Ta ló sọ ìsọkúsọ yẹn fún ẹ?"

"Corrine ni."

"Corrine!" Lyle pàtẹ́wọ́, ó wo ẹ̀yìn wo àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o. Obìnrin tó ti ń wá bí a ó ṣe pa wọ́n láti ọjọ́ tó ti débí, òun ló ní ká má fún wọn lóúnjẹ!" Ó gbé Orval dìde lábíyá, tìfẹ́tìfẹ́. "Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Senja, mú ọkọ ẹ lọlé. Dáná sí ilé ìwẹ̀ ooru yín fún un, kó jókòó síbẹ̀ kó làágùn."

Senja, tó ti wakọ̀ dé, wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó yọ ṣọ́bìrì kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgbàdo sínú báàfù. Àwọn méjèèjì ló ń kó o títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ mu bíà. Ohun tí wọ́n kó kò tó ohun tí àwọn àgbọ̀nrín ti jẹ, ibikíbi tí wọ́n bá sì gbé báàfù náà lọ ni àwọn ẹran náà ń tẹ̀ lé wọn dé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́bàá títì, wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ápù Senja, ikùn wọn yọ gbendu. Corrine wá, ó la ọ̀kan níwájú Orval. Àgbàdo ló kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti bíà tó ti kan. Àwọn tó lágbára dé ìdí àgbàdo, àgbàdo pa wọ́n. Àwọn tí kò lágbára, ebi pa wọ́n níbi tí wọ́n wà. Díẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò tó gba ẹ̀yìn àbàtà kọjá nìkan ló kù. Corrine fi yìnyín nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé Orval léjìká.

Nígbà tí Lyle wá, ńṣe ló ń sunkún bí ọmọdé. "Ká ní a tètè gbé e dé ni," ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ṣáá. "Ká ní o tètè pè wá, Orval. Ebi ti wọ̀ wọ́n lára jù." Orval ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì. Lyle ń mi orí, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ní ìbànújẹ́ ló ń jẹ́ kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ìlú sì gbà nìyẹn.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ìpàdé dé. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Lyle kò tíì kí wọn káàbọ̀ tán tí Orval fi dìde.

"Ẹ ṣí àsìkò abo," ó ní.

Àwọn ènìyàn ń yí ọrùn wò ó.

"Mo ní ẹ ṣí i. Obìnrin yìí ti ń sọ òótọ́ fún wa láti ọdún pípẹ́ wá. Èmi mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ̀yìnkùlé mi ni, mo rí i, mo sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ torí kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwa la jẹ́ kí wọ́n pọ̀ ju oúnjẹ wọn lọ. Àwa la tún fi àgbàdo pa èyí tó kù. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣí i."

Senja, tó jókòó tì í, di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn sọ wẹ́lẹ́ pé, "Ó mà dun bàbá yìí o." Orval yíjú sí Corrine, ó ń retí kó dìde kó gbè é lẹ́sẹ̀. Corrine dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Ọ̀gbẹ́ni Niska," ó wí jẹ́jẹ́. "Ká ní mo gbọ́ èyí lẹ́nu yín lọ́dún tó kọjá... Lọ́dún yìí, mi ò lè ní kí wọ́n ṣí i. Àwọn tó kù ò tó nǹkan mọ́. Bí a bá pa abo nínú wọn, wọ́n lè run. Ohun tí mo gbé wá síbí lónìí ni pé kí ó ṣì wà ní títì."

Lyle na ìka sókè. "Ẹ gbọ́? Corrine fúnra ẹ̀ ti gbà pẹ̀lú wa! Ẹni tó bá ní kí a máa dáàbò bo àwọn abo wa nìṣó, kó nawọ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn nawọ́. Orval dúró láàárín wọn. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, bó ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́ wá, kò sì sí ohun mìíràn tó kù tí ènìyàn lè ṣe. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè. Nígbà tí wọ́n rí i, ìjókòó ń ró gbì-gbì, wọ́n ń dìde lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Senja ń fà á ní ẹ̀wù pé kó jókòó, kò gbọ́. Ó wà lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dákẹ́.